Ẹsẹ̀ Ìyàwó Bàbá Iwin

Ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà, kò sí ẹni tó ń fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é mọ́. Bàbá Iwin ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n sí, látorí olóòtú títí dórí ẹni tó ń ṣí géètì. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ ń bani lẹ́rù o. Ọkùnrin náà rẹwà níwọ̀nba tirẹ̀. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń wo fíìmù abanilẹ́rù, fíìmù àràmàǹdà àti fíìmù àwọn tó ń fò lọ sí ìràwọ̀, tó ń kọ èrò rẹ̀ nípa wọn sí ojú ìwé kẹrìnlá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló jẹ́ pé ojú ìwé kẹrìnlá yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí. Bó bá ní fíìmù kan dára, ilé sinimá á kún. Bó bá ní kò dára, àwọn àga ibẹ̀ ni yóò máa wo ara wọn lójú.

Ó ní bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wo fíìmù kọ̀ọ̀kan. Ní àkọ́kọ́, á la ojú sílẹ̀ bíi ti gbogbo ayé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, á lọ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, á di ojú méjèèjì, á máa gbọ́ ọ. Ó ní ojú rọrùn láti tàn jẹ, pé ẹnikẹ́ni ló lè fi kọ̀ǹpútà ṣe ejò olórí méje, ṣùgbọ́n etí tòun máa ń gbọ́ irọ́ láti òkèèrè. Ó máa ń fi etí yẹn fọ́nnu. Èmi kì í fẹ́ràn ẹni tó ń fi ẹ̀yà ara kan fọ́nnu, nítorí ibẹ̀ gan-an ni nǹkan sábà máa ń ti bá onítọ̀hún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ bọ̀.

Ìró ni iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ náà nígbà tó wà láyé. Ẹ ò ní mọ̀ bí wọn ò bá sọ fún yín: ìró ẹsẹ̀ tí a ń gbọ́ nínú fíìmù kì í sábà jẹ́ ti òṣèré tí a ń wò. Wọ́n á ti ya àwòrán tán kí ẹnì kan tó wá dúró níwájú maíìkì nínú yàrá kékeré kan, kó wọ bàtà tó yẹ, kó máa wo òṣèré lójú ògiri, kó sì máa bá a rìn. Ẹni yẹn ni ìyàwó Bàbá Iwin. Wọ́n pín ilẹ̀ yàrá náà sí igun igun, ọ̀kan pákó, ọ̀kan táìlì, ọ̀kan yanrìn, ọ̀kan òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀kan irin. Orí wọn ló ti bá ṣọ́jà rìn, tó bá olè rìn, tó bá ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé sá lọ. Bàtà ọkùnrin mọ́kànlá ló wà nínú àpò rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì bá a jà rí.

Àwọn méjèèjì wá ṣe òfin kan. Kí aráyé má baà sọ pé ọkọ ń gbè sẹ́yìn ìyàwó, obìnrin náà kò gbọdọ̀ sọ fíìmù tó bá rìn nínú rẹ̀ fún un, òun náà kò gbọdọ̀ béèrè. Bó bá di ojú nínú sinimá tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ìrìn yìí jọ ti ìyá ilé, á yára gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló fi kọ́ etí rẹ̀ láti má ṣe dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Òfin yìí dùn mọ́ wọn, wọ́n máa ń fi yangàn lójú àlejò.

Obìnrin náà kú ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Jẹjẹrẹ ló wọ inú egungun ìbàdí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tètè mọ̀. Àwọn dókítà ní ká ní wọ́n wá ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Láti ìgbà náà, ilé Bàbá Iwin dákẹ́ débi pé ó ń bà á lẹ́rù. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á pa rédíò, á pa fáànù, á jókòó sórí àga, á máa fetí sílẹ̀ sí ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹni tó ti kọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ nípa iwin ń bẹ iwin kan ṣoṣo kó yọjú, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ibi tó ti wá gbọ́ ọ kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, èèyàn méje péré ló wà nínú sinimá. Fíìmù nípa aránṣọ kan ni, tó gba yàrá sí ilé tí kò ní òkè, tó sì ń gbọ́ ẹni tó ń rìn lókè orí rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí Bàbá Iwin la ojú wò ó, ẹ̀rín ló pa á. Iwin inú rẹ̀ dà bí ẹni tó ti ojú oorun bọ́ sínú ìyẹ̀fun, aránṣọ náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ti ń ṣètò èébú tó máa kọ. Ó wá lọ sí ìlà tó kẹ́yìn fún ẹ̀ẹ̀kejì, ó di ojú.

Ẹsẹ̀ ń rìn lókè. Gìgísẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, ọmọ ìka tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Ó rìn dé àárín, ó fẹ́ dúró, ó tún wá gbé ìgbésẹ̀ kékeré kan sí i, bí ẹni tó fẹ́ padà lọ mú nǹkan tó gbàgbé. Bàbá Iwin dá a mọ̀. Ìgbésẹ̀ kékeré yẹn ni ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, bàtà yòówù tí ì báà wọ̀. Ó la ojú: àjà ilé ni wọ́n ń fi hàn lójú ògiri, kò sí èèyàn níbẹ̀. Ó tún ojú dì, obìnrin náà sì ń rìn bọ̀. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èwo ló ṣáájú. Ó jókòó síbẹ̀ wo ẹ̀ẹ̀kẹta, títí obìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì fi wá fọwọ́ kàn án léjìká pé, “Bàbá, ṣé kò sí o?”

Lọ́jọ́ Ẹtì, ojú ìwé kẹrìnlá gbé fíìmù náà gẹ̀gẹ̀. “Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń wo iwin,” ó kọ ọ́ báyẹn, “n kò rí èyí tó mọ ọ̀nà ilé bí eléyìí.” Ilé sinimá kún fọ́fọ́, àwọn èèyàn sì jáde pẹ̀lú ìbínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, fíìmù àràmàǹdà kan dé, nípa ọba obìnrin tó fi òjìji rẹ̀ dógò. Ejò inú rẹ̀ dà bí ọ̀já ìpọnmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba náà sọ̀kalẹ̀ láàfin, ẹsẹ̀ ta ló ń bá a sọ̀kalẹ̀? Bàbá Iwin kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá wo ọba yìí kò tíì rí ọba. Lẹ́tà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ẹnì kan béèrè pé, “Bàbá Iwin, ṣé iwin ti gbé yín lọ ni?”

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, olóòtú pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin ni, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, nítorí náà àwọn méjèèjì ló ń fi ẹ̀yin bá ara wọn sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún yín.”

“Mo mọ̀, Ọ̀gá.”

“Ẹ wo lẹ́tà yìí. Wọ́n ní ẹ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Èmi mọ̀ pé ẹ ò lè gbà á. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àbí ojú ló ń yọ yín lẹ́nu?”

“Ojú mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Ó dáa. Tí ẹ bá tún gbé irú ẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, màá gbé ojú ìwé yẹn fún ẹlòmíì. Ẹ má bínú sí mi o.”

Ọ̀rọ̀ wá di méjì. Fíìmù ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́ ti obìnrin kan tó ń fọ ilẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí òṣùpá kejì. Fíìmù burúkú ni, tí adití pàápàá máa mọ̀ pé burúkú ni. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí rẹ̀, ìyàwó Bàbá Iwin ló ń rìn lórí irin, odindi wákàtí kan àti ààbọ̀. Bó bá yìn ín, ojú ìwé kẹrìnlá ti lọ nìyẹn, iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Bó bá sì ní kò dára, àwọn èèyàn kò ní lọ wò ó, ilé sinimá á yọ ọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ẹsẹ̀ yẹn á sì bá a lọ. Lójú rẹ̀, bí ẹni ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ìyàwó lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó ń kọ́ni ní ìṣirò, já wọlé pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ abíyá.

“Dádì, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni eléyìí? Èmi àti ọkọ mi lọ wo ọba aláìlójìji yẹn torí yín. Ọkọ mi sùn, ó tún hanrun.”

“Ó yẹ kó di ojú láìsùn.”

“Kí ló wà níbẹ̀ téèyàn máa dijú gbọ́?”

Bàbá Iwin wo ilẹ̀. “Ìyá ẹ ló ń rìn nínú ẹ̀.”

“Dádì.”

“Mo ní ìyá ẹ ni.”

“Dádì, Màmá ti kú.”

“Ṣé mo ní kò kú ni? Mo ní ó ń rìn.”

Ọmọ náà jókòó. Ká ní ẹlòmíràn ni, á ti máa wá ẹni tó máa gbàdúrà fún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò kì í jiyàn kó tó yẹ iṣẹ́ wò. Ó bi í léèrè pé ta ló wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú Màmá nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ní ọkùnrin kan ni, tó ń gba ìró sílẹ̀, tí Màmá máa ń pè ní Oní-maíìkì; ó wá síbi ìsìnkú, ó sunkún ju ẹbí lọ. Ọmọ náà ní, “Ẹ wọ bàtà, Dádì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ là ń lọ.”

Bàbá Iwin kò wọ yàrá yẹn rí, nítorí òfin wọn. Kò tóbi ju yàrá ìgbàlejò rẹ̀ lọ. Igun pákó ti gbó ní àárín, ó ti ṣe kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ kan ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oní-maíìkì rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà bíi ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n ti wá sọ fún yín. Mo wá ẹlòmíì, mo dán mẹ́rin wò, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rìn. Màmá fi ìró tó pọ̀ sílẹ̀ níbí. Ìgbà tí iṣẹ́ bá dé, mò ń gé e látinú ìyẹn.”

“Jẹ́ ká gbọ́ ọ,” ni ọmọbìnrin náà wí.

Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹsẹ̀ kún inú yàrá náà, ó ń rìn, wọ́n sì ń wo ilẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Kó tó di ìgbésẹ̀ kẹwàá, olùkọ́ ìṣirò ti di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. “Màmá ni,” ó ní. “Ẹ gbà mí o, Màmá ni.” Wọ́n gbọ́ òmíràn, wọ́n tún gbọ́ òmíràn, ẹ̀rín ń pa wọ́n, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Ibi tí ọmọ náà ti ń wo orúkọ àwọn ìró náà ló ti rí ọ̀kan tí wọ́n fi àmì pupa sí.

“Eléyìí ńkọ́?”

“Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fò ó.”

“Kí ló dé?”

Bàbá Iwin ní, “Jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

Oní-maíìkì wò ó títí, ó wá tẹ̀ ẹ́. Ìrìn orí pákó ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀, ẹsẹ̀ òsì fà tẹ̀ lé e, èémí kékeré kan wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀tún, èémí, òsì. Bàbá Iwin di ojú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Fíìmù ìyá arúgbó tó ń jáde látinú sàréè wá gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà ọmọ ẹ̀. Mo kọ nípa ẹ̀.”

“Ẹ kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Kí ni mo ní?”

Oní-maíìkì kò gbójú sókè. “Ẹ ní ẹsẹ̀ yẹn ti pọ̀jù. Ẹ ní ẹni tó ṣe é ń fi tipátipá wá àánú, pé kò sí ẹ̀dá alààyè tó ń rìn báyẹn.”

“Ó pọ̀jù lóòótọ́ ni,” Bàbá Iwin bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wá dúró.

“Màmá ò díbọ́n, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe ń rìn nígbà yẹn nìyẹn. Ìbàdí ti ń dùn wọ́n. Tí wọ́n bá ti ń wọlé bọ̀, wọ́n á di ògiri mú. Mo ní ká sún iṣẹ́ síwájú, wọ́n kọ̀.”

Ìrìn náà ti parí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tíì dúró. Láìrò tẹ́lẹ̀, ohùn kan jáde, ohùn obìnrin tó ń mí gúlegúle, tó sún mọ́ wọn débi pé ọmọbìnrin náà wẹ̀yìn.

“Má pa á rẹ́. Mi ò ní tún un rìn. Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.”

Ohùn Oní-maíìkì náà dáhùn nínú ẹ̀rọ: “Màmá, ṣé ẹ ti sọ fún wọn nílé?”

Ohùn obìnrin náà tún jáde. “Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fẹnu ara mi sọ ọ́, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Má ṣèyọnu. Bàbá ọmọ mi máa gbọ́ ọ. Á di ojú ẹ̀, á gbọ́ ọ, á sì wálé wá bi mí.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Àbí kí ló ń fi etí yẹn ṣe?”

Ìró náà parí síbẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ kò lè béèrè.

“Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde ńkọ́?”

“Wọ́n mú un wá síbí,” ni Oní-maíìkì wí. “Wọ́n kà á sókè fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, ‘Ó gbọ́ ẹsẹ̀, kò gbọ́ mi.’ Wọ́n wá ní ká máa bá iṣẹ́ lọ.”

Bàbá Iwin kò sunkún. Ìtìjú ló mú un, ìtìjú tó ju ìbànújẹ́ lọ, nítorí ìbànújẹ́, èèyàn lè fi han aládùúgbò. Ó ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Oṣù márùn-ún ló wà láàárín ọjọ́ tí ojú ìwé yẹn jáde àti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ó wá rántí pé ní àwọn oṣù yẹn, obìnrin náà ti pa bàtà tì nílé, sálúbàtà rírọ̀ ló ń wọ̀ kiri. Òun gan-an yìn ín fún un. Òun ló ní, “Ìyàwó mi, o ṣeun, ilé wá rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ̀wé.” Obìnrin náà sì ní kò tọ́pẹ́. Òun ló kọ́ etí rẹ̀ láti má dá a mọ̀, etí náà sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

“Ẹ̀gbọ́n,” Oní-maíìkì ní, “tí ẹ bá fẹ́, mi ò ní lo ìkankan mọ́. Màá kó gbogbo ẹ̀ fún yín.”

“Máa lò ó,” Bàbá Iwin dáhùn. “Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni.”

Ọjọ́ Ajé ló tó kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Ó kọ ọ́ nílé, lórí tábìlì oúnjẹ, ó fi fáànù sílẹ̀ kó máa yí, ó fi rédíò sílẹ̀ kó máa sọ tirẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e lọ fún olóòtú fúnra rẹ̀, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn bí ọmọ ilé ìwé. Olóòtú gbé gíláàsì sójú. Ohun tó kà nìyí:

“Fíìmù yìí kò dára. Ọkọ̀ òfurufú inú rẹ̀ dà bí fìríìjì tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹni tó kọ ìtàn náà kò sì mọ ibi tó ń lọ. Méjì tí mo yìn ṣáájú rẹ̀ náà kò dára. Irọ́ ni mo pa fún yín, ẹ foríjì mí. Ìyàwó mi tó ti di olóògbé ló ń rìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fẹ́ kí n máa gbọ́ ọ.

“Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà tó jù wọ́n lọ. Ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, mo kọ ọ́ síbí pé ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan nínú fíìmù ti pọ̀jù, pé kò sí ẹ̀dá alààyè tó ń rìn bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan wà. Inú ilé mi ló wà, ó ń dúró kí n béèrè. Bí ẹ bá gbọ́ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nílé yín, tí ẹsẹ̀ kan balẹ̀ tí èkejì ń fà, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, ẹ dìde, ẹ béèrè.”

Olóòtú kà á tán, ó tún un kà. Bàbá Iwin ń retí kó sọ pé kò sí fíìmù tó pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí pé kó yọ ìdajì kúrò. Olóòtú bọ́ gíláàsì, ó fa fóònù súnmọ́ ara rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà kan tí kò nílò láti wò.

“Màmá, ẹ káàsán. Rárá o, kò sí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Kí ló ń ṣe yín?”

Bàbá Iwin na etí títí lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èsì tí ìyá náà fọ̀.